Èmi Nìkan Ni Mo So Ọkọ̀ Náà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé "obìnrin kì í dá a ṣe," ńṣe ni etí mi máa ń gbóná. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé orí kunkun mi ti pọ̀ jù, pé ta ló tilẹ̀ kọ́ mi. Èbúté wa ló kọ́ mi. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ni tíṣà, wọn ò kàn mọ̀ pé àwọn ń kọ́ ènìyàn ni.

Láàárín ìgbà tí a gba òmìnira sí ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ojú omi ni èmi àti ìyá mi ti ń jẹun. Oko wa wà lọ́nà Erinje. A ń fọ epo, a sì ń ṣe pùpurú. A ó rẹ pákí sínú omi, a ó mọ ọ́n roboto bí orí ọmọ, a ó fi èéfín yan án títí ara rẹ̀ á fi dúdú. A ó wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀, a ó bá odò sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé lórí ọ̀sà, nítorí ẹni tó kọ́lé sórí omi kò rí ilẹ̀ gbin pákí. Ẹja gbígbẹ là ń kó bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń ti apá òkun fẹ́ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. A ó ta ìgbòkun tí ìyá mi fi àpò fúláwà rán, afẹ́fẹ́ á sì máa tì wá lẹ́yìn padà sílé, bí omi tilẹ̀ ń ṣàn bọ̀ wá pàdé wa.

Èbúté wa kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí bó ṣe wù ú. Ẹrẹ̀ dúdú ló yí etí odò ká, ẹrẹ̀ tó ń gbé ènìyàn mì dé orúnkún. Nítorí náà làwọn bàbá wa ṣe ri òpó mọ́ inú odò níbi tí omi ti jìn díẹ̀, tí wọ́n sì fi pákó ṣe afárá láti ibẹ̀ dé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá ní òpó, á so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, á ru ẹrù rẹ̀ gba orí pákó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ní, inú ẹrẹ̀ ni yóò ti máa jà fitafita pẹ̀lú ẹrù lórí, bó bá sì ṣubú, ó kú sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bàbá mi ló ri òpó tiwa kó tó kú. Ìyá mi kò ní ilé tó lè pè ní tirẹ̀, kò sì ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òpó nínú odò, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni.

Òfin èbúté ni pé ọkọ̀ tó bá máa so mọ́ òpó gbọ́dọ̀ ní ènìyàn méjì nínú. Ẹnì kan á jókòó sí ìdí ọkọ̀, á máa fi àjẹ̀ tọ́ ọ. Ẹnì kejì á dúró síwájú pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, á gbá òpó mú bí wọ́n bá ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò ní parọ́, òfin náà nídìí. Ìṣàn omi ibẹ̀ le, ọkọ̀ tí kò bá rí ẹni dì í mú lè fẹ̀gbẹ́ lọ kọlu ti ẹlòmíràn, kí epo sì dà sódò. Èmi ni mo máa ń jókòó sí ìdí, ìyá mi ló máa ń dúró síwájú. Mi ò tíì rí ẹni tó ń mú òpó bí i tirẹ̀. Á kàn na ọwọ́, á gbá a mú, á ti so okùn, á sì ti máa bá ará òpó kejì sọ̀rọ̀ ọjà.

Lọ́dún kan ni orúnkún rẹ̀ wú. A gbé e lọ sí ọsibítù l'Ókìtìpupa, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ìwú náà fà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ká dáadáa mọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ká kò lè dúró síwájú ọkọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ti bá tirẹ̀ lọ sí Èkó. Mo bẹ àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan ládùúgbò pé kí ọ̀kan nínú wọn máa bá mi lọ. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó sínú ọkọ̀ tí obìnrin ń tọ́, kí wọ́n má baà fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ ìyá mi lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kò pẹ́ tí olórí èbúté fi wá sílé wa. Àgbàlagbà ni, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni nígbà ayé rẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu dídùn gba nǹkan. Ó jókòó, ó mu omi, ó kí ìyá mi kú ara àìdá, kó tó wá tú u sílẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "àjèjì ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀yin méjì lẹ ni òpó yẹn, ó sì ti wá ku ọ̀kan. Àna mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ọkọ̀ tuntun. Ẹ jẹ́ kó máa rí ibi so ó."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, Bàbá," ìyá mi ní. "Mi ò tíì kú."

"Ta ló ní ẹ kú? Ta ni yóò wá máa mú okùn?"

Ẹnu mi ti là kí n tó rò ó. "Èmi ni. Èmi ni n ó máa tọ́ ọ, èmi náà ni n ó máa so ó."

Bàbá náà yíjú wò mí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. "Ùwọ? Ùwọ nìkan, ọma yìí?"

"Èmi nìkan, sà."

"Ó dáa. Bí o bá lè dá a so, máa so ó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gba okùn lọ́wọ́ rẹ o. Ẹni tó bá bá ọ gba okùn, ó ti di ẹnì kejì nìyẹn, o ò dá a ṣe mọ́."

Ẹ ò lè rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó, àfi bí mo bá sọ ìṣe èbúté fún yín. Ní èbúté wa, bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, àwọn tó ti so tiwọn á na ọwọ́, wọ́n á bá a gba okùn. Ẹni tí ẹ jà lánàá á bá ọ gba okùn lónìí. Wọn kì í fi í du ènìyàn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi dù.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo ṣe bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Mo tọ́ ọkọ̀ dé tòsí òpó, mo já ìgbòkun sílẹ̀, mo ju àjẹ̀ sílẹ̀, mo sì sáré gba orí ẹrù lọ síwájú. Kí n tó dé iwájú, ọkọ̀ ti mọ̀ pé kò sẹ́ni nídìí òun. Ó yíwọ́, omi gbá a légbẹ̀ẹ́, a ń bá ìṣàn lọ ní ìbú, èmi lórí agbọ̀n ẹja, ọwọ́ mi lókè, mò ń na án sí òpó tó ti jìnnà sí mi. Àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ní kí n lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a. Inú ẹrẹ̀ ni mo sọ̀ sí lọ́jọ́ náà, mo sì ru agbọ̀n ẹja láàárín ẹrẹ̀ níṣojú wọn, n kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo ronú sí i. Ohun tó ń pa mí ni eré tí mò ń sá lọ síwájú. Ó dáa, n kò ní sáré mọ́. N ó jókòó sí àyè mi ní ìdí ọkọ̀, n ó jẹ́ kí òpó wá bá mi níbẹ̀, n ó sì so ó síbẹ̀. Lọ́jà tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Òpó dé ẹ̀gbẹ́ mi, mo na ọwọ́, mo so okùn. Omi gbá iwájú ọkọ̀, ó yí po, ọkọ̀ sì dúró. Ìdí rẹ̀ kọjú sí òkè odò, iwájú rẹ̀ kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Àfi bí àwọn obìnrin orí afárá ṣe figbe ta. Ọ̀kan ká ọwọ́ lérí. Òmíràn ń pe orúkọ ìyá mi, ó ń sunkún, ó sì ti ń sáré lọ sí ulé wa. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tó bá gbé òkú bọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń fi ìdí so. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọkọ̀ tó fi ìdí kọjú sókè odò, kò ní bi ọ́ léèrè, yóò kàn bá ọ sunkún. Gbogbo èbúté sì mọ̀ pé ìyá mi ń ṣàìsàn. Wọ́n rò pé mo gbé e lọ gba ìtọ́jú lórí ọ̀sà ni, pé òkú rẹ̀ ni mo gbé padà.

Wọ́n dé ilé bá òkú náà lórí àpótí níbi tó ti ń bó pákí. Ó ní, "Ta ló kú?" Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni." Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun bó pákí òun tán ná.

Èmi ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n olórí èbúté kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó pe ènìyàn jọ sórí afárá. Ó ní mo ti pe òkú sí èbúté, ó ní òun ti fara dà á tó. Ó wá dájọ́: lọ́jà tó ń bọ̀, mo gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ so, kí iwájú rẹ̀ kọjú sókè odò bí ti gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi fọwọ́ kan okùn. Bí mo bá tàsé, òpó di ti àna rẹ̀, kí a má tún gbọ́ ọ mọ́.

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun. Bí mo bá jókòó sí ìdí, ìdí ni n ó fi so ó. Bí mo bá lọ síwájú, ọkọ̀ á yí. Mo jókòó lójúde, mò ń bú òpó, mò ń bú omi. Ìyá mi ń bó pákí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ewúrẹ́ kan tó máa ń fẹ́ jẹ èèpo pákí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì fi ẹsẹ̀ tó dá tẹ ìdí okùn náà mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ sá títí, okùn tán, ó dúró, orí rẹ̀ kọ sí wa. Ìyá mi kò dìde. Kò gbé ojú sókè pàápàá. Mo ń wo ewúrẹ́ náà, ni mo bá fò dìde.

Ọrùn la so okùn mọ́, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ènìyàn dé ibi ọrùn kó tó dì í mú. Kí ni mo wá ń sáré lọ síwájú ọkọ̀ fún? Kí n ti so okùn gígùn mọ́ iwájú rẹ̀ láti ilé. Kí n mú un gba ìta ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́, títí dé àyè tí mo jókòó sí, kí ìdí rẹ̀ wà lábẹ́ itan mi. Bí òpó bá dé ẹ̀gbẹ́ mi, n ó so ìdí okùn mọ́ ọn níbẹ̀, n ó jọ̀wọ́ ọkọ̀, omi á sì máa fà á padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Òpó á kọjá ẹ̀gbẹ́ mi, á kọjá àárín ọkọ̀, á kọjá iwájú rẹ̀, okùn á wá le. Iwájú ni okùn á ti dì í mú, iwájú náà ni yóò sì kọ sókè odò. Lẹ́yìn náà ni n ó wá rìn lọ síwájú jẹ́jẹ́, bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, kí n fa okùn náà kúrú.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, mò ń fi ọ̀bẹ pákí àti okùn ewúrẹ́ júwe fún un. Ó gbọ́ ọ dópin. Mo rò pé yóò gbá mi mọ́ra. Ńṣe ló gba ọ̀bẹ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá ó ní, "Okùn ti wá gba iṣẹ́ mi nìyẹn." Omi sì lé sí i lójú. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí orúnkún náà bá san, mo ṣì máa nílò òun níwájú ọkọ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí, n kò rí ohun tó lè mú ọ̀rọ̀ náà dùn. Òótọ́ ló sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, mo ti kẹ́rù tán kí ó tó ní òun ń bọ̀.

"Ẹ̀ ń bọ̀ níbo, Ìyá?"

"Lọ́jà. Gbé mi."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ọma mi, ta ló ní mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ wa ọkọ̀?"

Mo pọ̀n ọ́n lọ sí èbúté, mo gbé e sí àárín ọkọ̀, láàárín garawa epo àti pùpurú. Àwọn ènìyàn ń wò wá. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọba tó ń jáde. Kí a tó kúrò, mo rọra sọ fún un pé bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́ nígbà àbọ̀, kó bá mi na ọwọ́ sí òpó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sí i lójú.

A tajà, a rà. Ní ìrọ̀lẹ́, a ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ gbé wa. Nígbà tí a yọ sí èbúté, orí afárá ti kún. Olórí èbúté dúró síwájú wọn, àna rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀ tuntun rẹ̀ lẹ́bàá òpó wa, ó ń dúró kí n tàsé. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ wọn ká ọwọ́ sí àyà.

Mo já ìgbòkun sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà tì wá kọjá òpó. Ọkọ̀ ń lọ, eré rẹ̀ ń dínkù. Omi ń tì wá sẹ́yìn. Mo wa àjẹ̀, mo tún wà á. Òpó dé iwájú ọkọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ ìyá mi. Ó tó ọwọ́ ìyá mi gan-an, bó bá na ìka lásán, yóò kàn án. Ọkọ̀ sì fẹ́ dúró kí òpó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo pariwo, "Ìyá!" Kò mira. Ìgbà náà ni mo rí i pé ó ti fi ìborùn rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó fi eyín fa kókó rẹ̀ le, ó sì gbé e lé itan. Ó tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí.

Ìbínú ló fún mi lágbára, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Mo fi gbogbo ara wa àjẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òpó dé ẹ̀gbẹ́ mi, mo fi okùn yí i po, mo so ó, mo jọ̀wọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Àna olórí èbúté ní, "Ó ti já!" Òpó kọjá níwájú ìyá mi, ó kọjá iwájú ọkọ̀, okùn yọ nínú omi, ó le, ó ké rìgì. A dúró. Iwájú wa kọ sókè odò gbọingbọin. Mo dìde, mo rìn gba orí ẹrù lọ síwájú láìkánjú, mo fa okùn náà kúrú, mo sì tún un so.

Ni olórí èbúté bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ̀yin méjì lẹ wá, ẹ̀yin méjì lẹ wà nínú ọkọ̀. Òfin èbúté kò bàjẹ́. Òpó yín di tiyín."

Àwọn ènìyàn hó yè. Èmi náà ti ń kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ láti dúpẹ́, nítorí òpó ni mo wá fún, òpó sì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Rárá o, Bàbá," ìyá mi ní.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Bí ẹ bá ní a jẹ́ méjì lónìí, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yìí bá dùn mí tí n kò lè wá, ẹ ó ní ó ku ọ̀kan, ẹ ó sì gba òpó." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó dì sókè kí gbogbo wọn rí i. "Ẹrù ni mo jẹ́ nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ kà mí mọ́ agbọ̀n ẹja. Ènìyàn mélòó ló so ó?"

Olórí èbúté wo àna rẹ̀. Ó wo omi. Ó ní nǹkan kan sínú irùngbọ̀n.

"Ẹ wí i sókè, Bàbá. Etí mi náà ti ń ṣàárẹ̀."

"Ẹnì kan ni," ó ní.

Ìyá mi mi orí. Ó yíjú sí mi, ó ní kí ni mò ń wò, ṣé ilẹ̀ ò ní ṣú ni, kí n máa sọ ẹrù kalẹ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ látorí òun.